Ẹjọ́ Gbèsè Kékeré: Bí A Ṣe Lè Pè É Fúnra Wa, àti Ibi tí Ìrànlọ́wọ́ Wà

Nígbà tí àwọn olóòtú ní kí a kọ àpilẹ̀kọ kan sí ìwé ìrántí yìí, ìwàásù ni wọ́n rò pé a ó kọ. Àwa náà kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ohun kan wà tí àwọn ènìyàn ń bá wa sọ lẹ́yìn ìsìn ju ọ̀ràn àlá lọ, ìyẹn ni owó wọn tí ó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni kan ta ọjà àwìn, a kò san án fún un. Ẹni kan kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé sí ilé tuntun, onílé wọlé, ó gbàgbé gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹni kan yá ọ̀rẹ́ lówó, ọ̀rẹ́ náà kò gbé fóònù mọ́. Owó wọ̀nyí kò tó èyí tí ènìyàn lè torí rẹ̀ gba agbẹjọ́rò ńlá, wọn kò sì kéré tó èyí tí a lè gbà pé ó bọ́ sómi. Nítorí náà ni a ṣe pinnu láti ṣàlàyé ilé-ẹjọ́ kan tí a dá sílẹ̀ fún irú owó bẹ́ẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àti bí ẹni tí kò ní agbẹjọ́rò ṣe lè rí ìrànlọ́wọ́ láti pe ẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àṣìṣe tí Àwa Ṣe

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Arábìnrin kan wà nínú ìjọ tí a ń ṣe olùtọ́jú rẹ̀ nígbà kan. Iṣẹ́ aránṣọ ni ó ń ṣe. Ilé-ìwé aládàáni kan gbé iṣẹ́ fún un pé kí ó rán aṣọ ilé-ìwé 160, ní ₦6,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦1,040,000. Wọ́n san ₦300,000 sílẹ̀. Arábìnrin yìí ra aṣọ láwìn, ó gba ọmọṣẹ́ méjì kún èyí tí ó ní, ó sì kó aṣọ náà dé kí wọ́n tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọmọ wọ aṣọ náà títí àwọ̀ rẹ̀ fi ń ṣá, ₦740,000 tí ó kù kò jáde.

Nígbà tí ó wá bá wa, a ṣí Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní, orí kẹfà, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti bá àwọn onígbàgbọ́ wí nítorí pé wọ́n ń wọ́ ara wọn lọ sí ilé-ẹjọ́. A gbà á níyànjú pé kí ó fi ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Bàbá, mo ti fi í fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo ra aṣọ lọ́wọ́ wọn, èmi ni wọ́n ń bi." A kò rí èsì fọ̀. Ní oṣù kejì, ó ta ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọjọ́ tí a gbọ́ ni a mọ̀ pé ìmọ̀ràn tí a fún un kò pé.

A padà lọ ka orí kan náà, a sì rí i pé a kò kà á dé òpin. Pọ́ọ̀lù kò ní kí ajigbèsè máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó béèrè bóyá kò sí ọlọ́gbọ́n kan láàárín wọn tí ó lè parí ọ̀rọ̀ fún àwọn ará, ó sì bá àwọn tí ń rẹ́ ọmọnìkejì wọn jẹ wí pẹ̀lú. Ní Mátíù orí kejìdínlógún, Olúwa wa fi ìlànà lélẹ̀: kí o lọ bá arákùnrin rẹ ní ìwọ nìkan; bí kò bá gbọ́, kí o mú ẹnì kan tàbí méjì lọ; lẹ́yìn náà kí ìjọ gbọ́. Ní Ẹ́kísódù orí kejìdínlógún, Jẹ́tírò gba Mósè nímọ̀ràn pé kí ó yan àwọn ènìyàn tí yóò máa dá ẹjọ́ kéékèèké, kí ó má baà jẹ́ pé òun àti àwọn tí ó tò sílẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ ni yóò rẹ̀. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nígbà tí ó rí i pé a fẹ́ yí ẹjọ́ òun po, ó pe ẹjọ́ sọ́dọ̀ Késárì.

Òtítọ́ ni òwe àwọn bàbá wa pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ wá tí kò san, tí ó sì ń yà fún wa lọ́nà, ọ̀rẹ́ náà ti bàjẹ́ kí a tó dé kóòtù. Ohun tí ó kù ni kí a wá ọ̀nà tí owó yóò fi padà láìsí èébú àti láìsí ìjà. Ọ̀nà náà wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ti Mátíù, pé kí o kọ́kọ́ lọ bá ẹni náà.

Irú Ilé-Ẹjọ́ tí Ó Jẹ́

Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, nígbà tí Adájọ́ Ọpẹ́yẹmí Òkè jẹ́ Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀ Èkó, a ṣí ẹ̀ka kan láàárín àwọn ilé-ẹjọ́ májísíréètì fún gbèsè kéékèèké. Small Claims Court ni orúkọ tí ẹ ó fi béèrè rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó máa pè é ní ilé-ẹjọ́ gbèsè kékeré. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti tẹ̀lé Èkó lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìlànà tiwọn. Ti Èkó ni a mọ̀ jù, òun ni a ó sì sọ.

Kí ẹjọ́ tó lè wọ ibẹ̀, àwọn nǹkan kan gbọ́dọ̀ pé. Èkíní, owó tí a ń béèrè kò gbọ́dọ̀ ju ₦5,000,000 lọ, láìka èlé àti ìnáwó ẹjọ́. Èkejì, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ kan Èkó: pé ibẹ̀ ni a ń gbé tàbí tí a ti ń ṣòwò, àti pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, yálà gbogbo rẹ̀ tàbí apá kan rẹ̀. Ẹ̀kẹta, a gbọ́dọ̀ ti kọ ìwé ìbéèrè owó sí ajigbèsè náà kí a tó fi ìwé ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí iye rẹ̀ dájú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ẹ̀kẹrin yìí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀. Owó tí iye rẹ̀ dájú ni èyí tí ẹnikẹ́ni tí ó mọ ìṣirò lè dé ìdí rẹ̀ láti inú àdéhùn. Aṣọ 160 ní ₦6,500, yọ ₦300,000 kúrò, ó ku ₦740,000. Kò sí ohun tí adájọ́ ní láti fojú bù níbẹ̀. Arábìnrin wa fẹ́ fi ₦200,000 kún un nítorí ìyà tí ó jẹ àti ẹ̀rọ tí ó tà. Ìyà náà jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n akọ̀wé kóòtù rọra ṣàlàyé fún un pé kò sí ìwé tí ó sọ iye tí ìyà náà jẹ́, nítorí náà kò lè wọ inú irú ẹjọ́ yìí. Ó yọ ọ́.

Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀ràn ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn ìgbéyàwó, ìbanilórúkọjẹ́ tàbí lílé ayálégbé jáde. Àwọn yẹn ní ilé-ẹjọ́ tiwọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ jù: lábẹ́ òfin Èkó, ọdún mẹ́fà ni a ní láti pe ẹjọ́ lórí àdéhùn lásán, láti ọjọ́ tí wọ́n ti da àdéhùn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ilẹ̀kùn ti tì.

Ìkìlọ̀ kan tún wà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá jẹ wọ́n ní gbèsè, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń sáré lọ. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé a kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni nítorí àìmú àdéhùn ṣẹ lásán. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà ẹ̀yìn mú ajigbèsè rẹ̀ sí àtìmọ́lé lè wá di ẹni tí a ń pè lẹ́jọ́.

Ìwé Ni Ẹ̀rí

Àwa tí a jáde ní ilé-ìwé yìí kò lè gbàgbé ẹ̀kọ́ lẹ́tà kíkọ: àdírẹ́sì lápá ọ̀tún, ọjọ́ lábẹ́ rẹ̀, ohun tí a tìtorí rẹ̀ kọ̀wé, kí ọ̀rọ̀ má sì gùn ju bí ó ti yẹ lọ. A rò nígbà náà pé nítorí ìdánwò ni. Ẹ̀kọ́ náà gan-an ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ yìí.

Arábìnrin wa ti lọ béèrè owó rẹ̀ nígbà mọ́kànlá. Ó lè sọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àti aṣọ tí olùdásílẹ̀ ilé-ìwé náà wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹnu ni ó fi béèrè gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a bá a dé ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í ni, "Ìwé tí ẹ fi béèrè owó náà dà?" Kò sí. A padà sílé, oṣù kan sì kọjá lórí ohun tí a bá ti ṣe lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Fọ́ọ̀mù wà fún ìwé ìbéèrè owó náà. SCA 1 ni àmì rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni náà bí ó ti rí gan-an. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, orúkọ tí ó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni kí ẹ kọ, kì í ṣe ìnagijẹ tí àwọn oníbàárà ń pè é. Ẹ kọ iye owó náà, bí ẹ ṣe dé iye náà, àti iye ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù náà fún un láti san án. Ẹ má bú u, ẹ má fi ohunkóhun halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ ṣe é kí ẹ̀rí wà pé ó dé ọwọ́ rẹ̀, bóyá kí ẹni tí ó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà kan. Bí ọjọ́ tí ẹ dá bá pé tí kò san, ẹ lè wá gba fọ́ọ̀mù ẹjọ́ gan-an, SCA 2, kí ẹ sì san owó ìforúkọsílẹ̀.

Kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù yìí, ẹ jókòó nílé kí ẹ to ìwé yín ní ọjọ́-sí-ọjọ́: àdéhùn tàbí ìwé tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún yín; rìsíìtì; ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí ẹ kó ọjà dé; àkọsílẹ̀ báǹkì tí ó fi owó tí a ti san hàn; ọ̀rọ̀ orí WhatsApp níbi tí ó ti jẹ́wọ́ gbèsè náà. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta, ti kóòtù, ti ẹnìkejì, àti tiyín, kí ẹ sì pa ojúlówó mọ́. Ní ti ọ̀rọ̀ tí ó wá láti orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní ohun tí ó béèrè kí a tó gbà á wọlé, lára rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí tí ń sọ bí a ṣe mú un jáde. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù yín, kí ẹ sì béèrè ìrànlọ́wọ́ lórí ìwé ẹ̀rí yìí kí ọjọ́ ẹjọ́ tó dé.

Ibi tí Ìrànlọ́wọ́ Wà

Ẹni tí ó ní òun fẹ́ pe ẹjọ́ fúnra òun kò ní òun fẹ́ dá nìkan wà. Ó kàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí olúkúlùkù lè ṣe fún un.

Èkíní ni akọ̀wé kóòtù. Òun ni yóò fún yín ní fọ́ọ̀mù, tí yóò sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan ń lọ, tí yóò sì sọ bí nǹkan kan bá kù. Kò lè sọ fún yín bóyá ẹ ó borí, kò sì yẹ kí ẹ bi í. Kò ní kọ ìtàn yín fún yín. Ẹ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, pẹ̀lú ìwé tí ẹ ti tò, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ yóò dùn sí yín. Ẹ san owó tí ẹ bá san fún ìforúkọsílẹ̀ ní ibi tí wọn yóò ti fún yín ní rìsíìtì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà tí ó ní òun mọ adájọ́, ẹ kí i, kí ẹ sì kọjá.

Èkejì ni àwọn ọ́fíìsì ìjọba tí kì í gba owó. Ìjọba Èkó dá ilé ìlàjà aráàlú sílẹ̀ ní ọdún 1999; Citizens' Mediation Centre ni orúkọ rẹ̀. Wọn yóò kọ ìwé pe ẹnìkejì yín, wọn yóò sì bá ẹ̀yin méjèèjì jókòó. Ọ̀pọ̀ gbèsè ni kò nílò ju èyí lọ. Ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú, tí à ń pè ní Office of the Public Defender, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, òun náà sì ń ran aláìní lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ti ìjọba àpapọ̀ ni Legal Aid Council, tí ó ti wà láti ọdún 1976, fún àwọn tí owó tí ń wọlé fún wọn kéré.

Ẹ̀kẹta ni agbẹjọ́rò tí ẹ bá mọ̀. Òfin kò ní kí ẹ mú agbẹjọ́rò wá sí ilé-ẹjọ́ yìí, kò sì ní kí ẹ má mú un wá. Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì tí àwọn ènìyàn kì í sábà ronú kàn: ẹ lè san owó wákàtí kan péré fún agbẹjọ́rò kí ó ka fọ́ọ̀mù yín àti ìwé yín, kí ó sọ ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó, kí ẹ̀yin fúnra yín sì lọ rojọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ yín ni ó ń pe ẹjọ́, ọ̀kan nínú àwọn alájọṣe tàbí òṣìṣẹ́ àgbà ibẹ̀ lè dúró fún un.

Ẹ̀kẹrin ni ìjọ, ẹbí àti ọ̀rẹ́. A kò lè bá yín sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n a lè bá yín ka àwọn ìwé náà lálẹ́, a lè ṣe bí adájọ́ kí a bi yín ní ìbéèrè, a sì lè jókòó sẹ́yìn yín lọ́jọ́ náà. Nígbà mẹ́ta ni a jókòó pẹ̀lú arábìnrin wa nínú yàrá ìpàdé ìjọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ó gbà á ní ogójì ìṣẹ́jú láti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì sunkún lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà kẹta, ó sọ ọ́ tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọjọ́ tí Ẹ Bá Dé Iwájú Adájọ́

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀, akódà kóòtù ni yóò mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún ẹnìkejì; ọjọ́ méje ni ìlànà fún un. Ẹnìkejì náà ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ìlànà fi lélẹ̀ pé láti ọjọ́ tí a fi ìwé ẹjọ́ sílẹ̀ dé ọjọ́ ìdájọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 60 ọjọ́ lọ. Ohun tí ó lè dá a dúró kò ṣàìsí. Ní ọdún 2021, ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹjọ́ ti ilẹ̀kùn kóòtù pa ní gbogbo ilẹ̀ wa fún bí oṣù méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ bí ẹjọ́ ṣe máa ń pẹ́ tẹ́lẹ̀ yóò mọ̀ pé 60 ọjọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní ìjókòó àkọ́kọ́, adájọ́ yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ lè parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí. Ẹ má ṣe rò pé ó ń gbè sẹ́yìn ajigbèsè. Ẹ ti pinnu nílé ohun tí ẹ lè gbà: ṣé ẹ lè gba owó náà ní ìdá mẹ́ta? Ṣé ẹ lè fún un ní oṣù kan? Bí ẹ bá gbà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí kóòtù sì fi í ṣe ìdájọ́. Ìlérí tí a ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kóòtù láìkọ sílẹ̀, ìlérí kejìlá ni.

Bí kò bá parí, a ó gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́-sí-ọjọ́. Ìbéèrè tí adájọ́ bá bi yín ni kí ẹ dáhùn, kì í ṣe èyí tí ó wù yín. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì kò bá já gaara lẹ́nu yín, ẹ sọ ọ́ fún akọ̀wé ṣáájú kí wọ́n wá ògbufọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ sì múra sílẹ̀ de ohun tí ẹnìkejì lè sọ. Olùdásílẹ̀ ilé-ìwé náà ní aṣọ kan kò ṣe déédéé. Arábìnrin wa mú ìwé tí wọ́n fi gba aṣọ 160 jáde, níbi tí ọ̀gá-àgbà ilé-ìwé náà ti kọ ọ́ pé gbogbo rẹ̀ pé. Ìwé kan yẹn ṣe ju gbogbo ẹkún lọ.

Ẹ má ṣe pẹ́ dé, ẹ má sì ṣàìwá. Bí olùpẹjọ́ kò bá sí níbẹ̀, adájọ́ lè da ẹjọ́ náà nù. Bí olùjẹ́jọ́ ni kò bá wá, a lè gbọ́ ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ kí a sì dá a.

Lẹ́yìn Ìdájọ́

Ẹni tí ìdájọ́ kò bá tẹ́ lọ́rùn ní ọjọ́ 14 láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Bí kò bá pè é, tí kò sì san, ìdájọ́ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ẹ̀yin ni ẹ ó padà lọ bá akọ̀wé kóòtù pé kí a mú un ṣẹ: yálà kí a gba ẹrù ẹni náà tà, tàbí kí kóòtù pàṣẹ fún báǹkì tí owó rẹ̀ wà láti yọ ọ́ san. Nítorí náà, ó dára kí ẹ mọ̀, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ibi tí ẹni náà ti ń ṣiṣẹ́ àti báǹkì tí ó ń lò. Ẹni tí kò ní ohun kan láyé, ẹ lè borí rẹ̀ ní kóòtù kí ọwọ́ yín sì ṣófo. Ẹ ronú dáadáa lórí irú ẹni bẹ́ẹ̀; bóyá òun ni ó yẹ kí ẹ dárí jì.

Ti arábìnrin wa parí nípa àdéhùn, ní ìdá mẹ́ta. Ìdá méjì wá lọ́jọ́ tí a dá. Ẹ̀kẹta kò wá. Ìgbà tí akódà kóòtù dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé náà ni ó jáde. Arábìnrin wa san gbèsè aṣọ, ó sì ra ẹ̀rọ mìíràn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ògbólógbòó. Òun àti olùdásílẹ̀ yẹn kò di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kí ara wọn bí wọ́n bá pàdé, kò sì sí ẹni tí ó ń yà fún ẹnìkejì lọ́nà mọ́.

Bí Ó Bá Jẹ́ Àwa Ni A Pè

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ń ka ìwé yìí jẹ́ ajigbèsè. Bí ìwé ìbéèrè owó bá dé ọwọ́ yín, ẹ má ṣe fi í sábẹ́ àga. Bí ẹ bá jẹ owó náà, ẹ kọ̀wé padà kí ẹ sọ bí ẹ ṣe lè san án. Bí ẹ kò bá jẹ ẹ́, tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ìdí rẹ̀ láàárín ọjọ́ méje tí ìwé ìpẹ̀jọ́ fún yín. Bí ẹni náà bá sì jẹ ẹ̀yin náà ní owó kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lè fi tiyín kún èsì náà. Olúwa wa gbà wá níyànjú, ní Mátíù orí karùn-ún, láti tètè bá ẹni tí ń fà wá lọ sí kóòtù rẹ́ nígbà tí a ṣì wà lọ́nà. Ìmọ̀ràn náà kò tíì gbó.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù, irú ọ̀nà yìí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, £10,000 ni òdiwọ̀n rẹ̀ fún owó lásán, àwọn Citizens Advice sì ń fúnni ní ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìlàjà wákàtí kan lórí fóònù, láìsan owó. Níbẹ̀ náà, ìwé ìbéèrè owó ni a fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ Wa

Ohun kan ni a fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa ní ọdún àjọ̀dún yìí. A ní agbẹjọ́rò láàárín wa, a ní olùkọ́, a ní òṣìṣẹ́ báǹkì, a ní àlùfáà. Lẹ́yìn ìpàdé oṣooṣù, kí a fi wákàtí kan sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní irú ìwé yìí lọ́wọ́. Agbẹjọ́rò yóò ka fọ́ọ̀mù, òṣìṣẹ́ báǹkì yóò ṣàlàyé àkọsílẹ̀ owó, olùkọ́ yóò tún lẹ́tà kọ, àlùfáà yóò sì béèrè bóyá a ti lọ bá arákùnrin náà ní àwa nìkan. Kí a má fi mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde. Kí ìyá elépo ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé àti gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó ń tún àga kíláàsì ṣe lè wá pẹ̀lú.

Àwa yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀, nítorí pé a jẹ arábìnrin kan ní gbèsè: ìmọ̀ràn tí a kò fún un lásìkò tí ó béèrè. Kí Ọlọ́run tí ó gbọ́ ẹjọ́ opó ràn wá lọ́wọ́ láti máa gbọ́ ti ara wa.